Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Máa Ṣí Àpótí Máàkì Wa Fúnra Rẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ìṣirò tàbí ti gírámà. Ṣùgbọ́n ó kan máàkì àwọn ọmọ tí a fi lé wa lọ́wọ́, nítorí náà ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní ìlú Ouagadougou níbi tí mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni ó wà ní ọ́fíìsì wọn, Windows sì ni gbogbo wọn ń lò. Ìkarùn-ún wà ní yàrá ọ̀gá. Òun ni ó ń pa gbogbo máàkì mọ́, a sì ń pè é ní Ìyá. Ní oṣù kẹrin, nígbà tí oòrùn ìlú náà a máa mú janjan, iná mọ̀nàmọ́ná lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Nígbà tí ó padà dé, olùkọ́bìnrin kan tan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó wo àpótí K tí a máa ń kọ máàkì sí, ó sì rí àmì pupa lára rẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé kò ṣeé wọ̀. Iṣẹ́ ń lé e. Ó kọ máàkì ìdánwò ìkẹyìn sí ara kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ní òun yóò kó o lọ sí K bí ó bá di ọ̀la. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, akọ̀wé ti tẹ káàdì àwọn ọmọ láti inú K. Ọmọbìnrin kan tí ó yẹ kí ó gba 11 nínú 20 gba 8. Ní Burkina Faso, 10 ni òdiwọ̀n. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kò yege. Ojú mi ni bàbá rẹ̀ ṣe gba káàdì náà, mo sì rí omijé ọmọ náà. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí a tó mọ̀ pé àṣìṣe ni.

Kí ni àpótí K yìí gan-an? Ẹ wo àwọn oníṣòwò ọjà Rood-Woko. Ìsọ̀ wọn kéré. Inú ilé ìkẹ́rù tí ó wà níbòmíràn ni ọjà wọn pọ̀ sí. Kọ́kọ́rọ́ ilé náà ni ó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi àmì sí i kí wọ́n má baà ṣì í mú. Àmì ara kọ́kọ́rọ́ ni K. Kì í ṣe ilé ìkẹ́rù. Lẹ́tà 26 ni Windows lè lò báyìí. A àti B jẹ́ ti disíkì pẹlẹbẹ ayé àtijọ́. C jẹ́ ti ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Àdírẹ́sì tòótọ́ K ni \\IYA\MAKI: orúkọ kọ̀ǹpútà àgbà ni ó ṣáájú, orúkọ fódà ni ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ń lo bọ́tìnnì àwọn Faransé, AltGr àti 8 ni yóò tẹ̀ papọ̀ kí ó tó rí ìlà dídà yẹn.

Windows ní ibi tí a lè fi àmì sí kí ó lè máa so K mọ́ra nígbàkúùgbà tí a bá wọlé. Ṣùgbọ́n aláìnísùúrù ni. Bí iná bá dé, ohun gbogbo a jí lẹ́ẹ̀kan náà: kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì a yára dìde, nígbà tí Ìyá àti ẹ̀rọ tí ó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì ń nara. Ọmọ ti kan ilẹ̀kùn kí ìyá tó jí. Ó gbìyànjú, kò rí ẹni dá a lóhùn, ó sì fi àmì pupa síbẹ̀. Nígbà púpọ̀, bí a bá tẹ K lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò ṣí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ èyí? Kì í sì í ṣe Ouagadougou nìkan ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Microsoft mú Windows 10 ẹ̀dà 1809 jáde ní ọdún 2018, àpótí àwọn ènìyàn ní ibi púpọ̀ kọ̀ láti so mọ́ra, àwọn tí ó ṣe é sì ní láti fún wọn ní ìwé àṣẹ kékeré tí yóò máa tún ìsopọ̀ náà gbìyànjú.

Níbi tí kọ̀ǹpútà bá pọ̀, tí ọ̀gá kan sì ń ṣàkóso gbogbo wọn, ohun tí a ń pè ní Group Policy ni ó tọ́. Láti ojú kan ni ọ̀gá yóò ti pín àpótí fún olúkúlùkù, yóò sì pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kì í sábà ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Èyí ni òòbẹ̀ tiwa:

:duro
if exist \\IYA\MAKI\ goto so
timeout /t 10
goto duro
:so
net use K: /delete /y
net use K: \\IYA\MAKI

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Kọ̀ǹpútà yóò wò bóyá Ìyá ti jí. Bí kò bá tíì jí, yóò dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, yóò sì tún wò. Bí ó bá ti jí, yóò tú K àtijọ́ tí ó ti bàjẹ́, yóò sì so tuntun. Ẹ kọ ọ́ sínú Notepad, kí ẹ fi .cmd parí orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ shell:startup. Fódà tí Windows àwọn Faransé ń pè ní Démarrage yóò ṣí. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Bí fèrèsé dúdú bá pẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, Ìyá kò tíì jí nìyẹn: ẹ kọ máàkì sórí ìwé ní ìgbà náà, ẹ má kọ ọ́ síbòmíràn nínú kọ̀ǹpútà.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú ìwé àṣẹ yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí i ni yóò kà á. Ẹ jẹ́ kí Windows fi í pamọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá wọ ọ̀dọ̀ Ìyá. Group Policy pàápàá ti gba àyè ọ̀rọ̀ aṣínà rí, ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2014 Microsoft mú àyè náà kúrò, nítorí kọ́kọ́rọ́ tí a fi bò ó ti hàn sí gbogbo ayé.

A tún káàdì ọmọbìnrin náà tẹ̀, bàbá rẹ̀ sì dárí jì wá. Láti ìgbà tí a ti fi ìwé àṣẹ yìí sí ọ́fíìsì náà, iná ti lọ, iná ti bọ̀, K kò sì tún tàn wá jẹ mọ́. Sùúrù ni baba ìwà. Kọ̀ǹpútà kò bí i mọ́ra. Àwa olùkọ́ ni kí a kọ́ ọ.