Bàálù Kò Tó, Èrò Ló Ń Jìyà: Ìdí Tí Ìrìn-àjò Òfuurufú Agbègbè Wa Fi Nira

Kò sí pápákọ̀ tí bàálù èrò ń balẹ̀ sí ní ilẹ̀ Kétu ní Benin. Ọmọ Kétu tó bá fẹ́ wọ bàálù, Kútọnu ló ń forí lé. Yóò gba Ìpóbẹ̀, yóò gba Ṣàkẹ́tẹ́, yóò la Àjàṣẹ́ kọjá, ọ̀nà tó ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, kó tó dé pápákọ̀ Cadjehoun. Bí wọ́n bá wá sọ fún un níbẹ̀ pé ọkọ̀ kò ní gbéra mọ́ lónìí, àdánù rẹ̀ kì í ṣe ti wákàtí díẹ̀. Owó mọ́tò ti lọ, ibi tí yóò sùn di wàhálà, ìsìnkú tàbí ìpàdé tó ń lọ bá ní Abuja tàbí Dakar kò sì ní dúró dè é.

Àròyé èrò kò yàtọ̀ láti Kútọnu dé Niamey. Wọ́n yí aago padà láìsọ fúnni. Èèyàn dé, ẹrù kò dé. Owó ìrìn-àjò kúkúrú pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ gbà pé àìka-èèyàn-sí ló fà á, kò sì sí irọ́ níbẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jìn ju ìwà òṣìṣẹ́ kan lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé bàálù kò tó. Ilé-iṣẹ́ bàálù kékeré kì í ní ọkọ̀ tó jókòó lásán. Bàálù kan náà ló ń kúrò ní Lomé láàárọ̀, tó ń balẹ̀ ní Kútọnu, tó ń kọjá sí ìlú mìíràn, tó ń padà, tó sì tún ń gbéra lọ́sàn-án. Bí táyà rẹ̀ bá jò láàárọ̀, ẹni tó ń retí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ní ìlú tó jìnnà ni yóò jìyà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá á gbé ọkọ̀ mìíràn jáde. Kékeré á dúró de ohun èlò tó ń bọ̀ láti òkè òkun, tí wọ́n sì ń fi dọ́là rà. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́? Eruku á bo ojú ọ̀run, awakọ̀ kò ní rí ojú pápá dáadáa, ọkọ̀ á sì ṣẹ́rí padà.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ló sábà máa ń fa ìjà. Lára ọkọ̀ agbègbè wa ni àwọn alábẹ̀bẹ̀ bíi ATR 72 àti Q400, tí wọn kì í sábà gbà ju bí ọgọ́rin èèyàn lọ. Kí ọkọ̀ tó gbéra, wọ́n á ṣírò ìwọ̀n èrò, ti epo àti ti ẹrù pọ̀. Bí àròpọ̀ náà bá kọjá ààlà, ẹrù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan èèyàn. Àpò èlùbọ́ ìyá kan á sùn sí Kútọnu, òun fúnra rẹ̀ á ti dé Libreville. Ó dunni, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kì í ṣe ìkà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2003, Boeing 727 kan tó ti Conakry wá, tó ń lọ sí Beirut, fẹ́ gbéra ní Cadjehoun yìí kan náà. Ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Kò lè gòkè, ó kọlu ilé kan lópin pápá, ó sì já sí etí òkun. Èèyàn tó kú ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ wa fi kéré báyìí? Ní ọdún 1961, orílẹ̀-èdè mọ́kànlá tó ń sọ Faransé, Benin wà lára wọn, dá Air Afrique sílẹ̀, wọ́n sì fi Abidjan ṣe olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ó wọlẹ̀ ní ọdún 2002. Nigeria Airways tẹ̀ lé e ní ọdún 2003. Ilé-iṣẹ́ bàálù ASKY, tí Ethiopian Airlines ń tì lẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Lomé ní ọdún 2010, Lomé sì di oríta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gbé ẹni tó ń lọ sí Èkó láti Kútọnu, tí kò ju bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ lójú òfuurufú, lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní Lomé ná, kí wọ́n tó dá a padà sí ìlà-oòrùn. Kò yani lẹ́nu pé ará Kétu á gba Ìlárá bọ́ sí Ìmẹ̀kọ, kó gba Abẹ́òkúta dé Èkó.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn ìjọba Áfíríkà fẹnu kò ní Yamoussoukro ní ọdún 1999 pé kí wọ́n ṣí ojú òfuurufú fún ara wọn. Benin, Tógò àti Nàìjíríà tún wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ọjà òfuurufú kan ṣoṣo ti Áfíríkà ní ọdún 2018. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni owó orí fi wúwo lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn olórí ECOWAS pinnu pé kí wọ́n yọ owó orí òfuurufú, kí wọ́n sì dín owó iṣẹ́ kù ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Ojúṣe wa ni láti wo ara tíkẹ́ẹ̀tì bóyá ìpinnu náà dé ọ̀dọ̀ èrò.

Àìní bàálù kò sì pa ẹ̀tọ́ èrò rẹ́. Láti ọdún 2003 ni òfin UEMOA, àjọ ọrọ̀-ajé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó de Benin àti Tógò, ti là á sílẹ̀ pé kí ilé-iṣẹ́ san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí wọn kò jẹ́ kó wọ ọkọ̀, ẹni tí wọ́n fagi lé ìrìn-àjò rẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n dá dúró pẹ́. Ní ti ẹrù lórí ìrìn-àjò sí ilẹ̀ òkèèrè, Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 ní kí a fi ẹ̀sùn ẹrù tó bàjẹ́ sun láàrin ọjọ́ méje, ti èyí tó pẹ́ dé láàrin ọjọ́ mọ́kànlélógún, kó sì wà ní kíkọ. Nítorí náà, kí èrò tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ẹrù, kó béèrè ìdí ìdádúró, kó kọ ẹ̀sùn rẹ̀ kó tó kúrò ní pápákọ̀. Kí ìjọba náà sì kọ àwọn òfin wọ̀nyí gàdàgbà sára ògiri Cadjehoun, ní Faransé, ní Fọ̀n àti ní Yorùbá, nítorí ẹni tí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò lè gbà á.