Katakata Wo Ni Kí Ẹgbẹ́ Wa Rà?

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ katakata fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Àwọn kan ní kí á ra èyí tí oníṣòwò kan fẹ́ bá wa kó wọlé láti òkè òkun, nítorí owó rẹ̀ fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti èkejì. Àwọn kan ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, kí á lọ sọ́dọ̀ aṣojú iléeṣẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn, kí á ra Massey Ferguson tí gbogbo wa mọ̀. A kò fẹnu kò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbìmọ̀ wá ní kí àwa akọ̀wé la ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn oṣù yìí, kí olúkúlùkù lè rò ó dáadáa kí á tó dìbò.

Ẹ má gbàgbé wí pé owó tí à ń sọ yìí kì í ṣe ẹ̀bùn ìjọba. Owó ìpín wa ni, tí a ti ń dá láti 2017. Owó ìyá tó ń ta gàrí wà níbẹ̀, owó bàbá tó ń gbin iṣu wà níbẹ̀. Bí katakata bá kú sóko, kò sí ẹni tí yóò dá a padà fún wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ la ohun kan yé ara wa. A máa ń pe ti aṣojú ní "ti ilé", a ń pe èkejì ní "ti òkè òkun". Òkè òkun ni méjèèjì ti wá o! Massey Ferguson 375 tó ní agbára ẹṣin 75, ìlú Lahore ní ilẹ̀ Pakistan wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Bí a bá sì ka iye katakata tí wọ́n ń ṣe, Íńdíà ló ń ṣe jù ní gbogbo ayé. Ṣáínà náà ń ṣe púpọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ wí pé ohun tó bá ti ibẹ̀ wá kò dára. Àgbẹ̀ ibẹ̀ ń fi í roko, wọ́n sì ń jẹun. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni wí pé nígbà tí ti àgbẹ̀ Íńdíà bá bàjẹ́, páàtì rẹ̀ wà ní ìlú tó sún mọ́ ọn. Tiwa ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí á fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe iye tí wọ́n dá lé wa gan-an nìyí, kí ìṣirò lè rọrùn ni. Ká ní ọ̀kan jẹ́ mílíọ̀nù 20 náírà, tí èkejì jẹ́ mílíọ̀nù 30. Mílíọ̀nù 10 ni a ó rí fi pamọ́ bí a bá ra èyí tó dínwó. Ká tún ní katakata wa ń tú éékà 6 lójúmọ́, tí 100,000 náírà ń ṣẹ́ kù fún ẹgbẹ́ lójúmọ́ lẹ́yìn owó díísù àti owó awakọ̀. Bí ó bá dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ 18 nítorí páàtì kan ṣoṣo, 1,800,000 náírà ti lọ nìyẹn. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún fún ọdún 5, mílíọ̀nù 9 ti lọ nínú mílíọ̀nù 10 tí à ń torí rẹ̀ yọ̀. Owó páàtì fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ o, owó ọkọ̀ mẹkáníìkì kò sì sí níbẹ̀. Ti ẹni tí a ṣèlérí wí pé a ó túlẹ̀ fún ní oṣù kẹrin, tí a kò débẹ̀ títí òjò fi ń lọ, ìyẹn kò ṣe é fi owó kà rárá. Katakata kì í bàjẹ́ lábẹ́ òrùlé ní oṣù Ọ̀pẹ. Ìgbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń bàjẹ́, ìgbà náà sì ni gbogbo ayé ń wá a.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ á rántí ẹ̀rọ tí ń yọ àgbàdo lára ṣúkù, tí a rà ní 2014. Àwa gan-an la rọ̀ yín wí pé kí ẹ jẹ́ kí á rà á, nítorí ọ̀pọ̀ ni. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọdún kan àti díẹ̀. Nígbà tí béárì rẹ̀ kan fọ́, a mú un lọ sí Ìsẹ́yìn, wọn kò ní irú rẹ̀. A mú un dé Ìbàdàn, wọ́n ní ìwọ̀n rẹ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún wa, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Wẹ́dà kan bá wa gbìyànjú, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ni ẹ̀rọ náà wà dòní, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Béárì tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi wa ni, nítorí iye owó ni a bèèrè, a kò bèèrè páàtì.

Àmọ́ irú rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Wilmot Crozier. Ní 1916, ó ra katakata kan tí wọ́n kọ Ford sí lára. Ẹni tó bá rí orúkọ yẹn á rò wí pé Henry Ford tó ń ṣe mọ́tò ló ṣe é. Kì í ṣe òun. Iléeṣẹ́ kan ní ìlú Minneapolis ló wá ọkùnrin kan tí orúkọ tirẹ̀ náà ń jẹ́ Ford, wọ́n gbà á síṣẹ́ kí wọ́n lè rí orúkọ náà lò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà mọ irú ìyẹn dáadáa. Katakata ọ̀hún kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe. Crozier ra òmíràn, àlòkù ti iléeṣẹ́ mìíràn, ìyẹn náà ń bàjẹ́ ṣáá. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣòfin, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan gbé òfin kalẹ̀, òfin náà sì jáde ní 1919: irú katakata tuntun tí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà kò bá tíì dán wò, wọn kò gbọ́dọ̀ tà á ní Nebraska. Òfin yìí tún ní apá kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà. Ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ ní ibi tí páàtì rẹ̀ wà nínú ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tí katakata ti jẹ níyà ló ṣe òfin, ó mọ ibi tó ti dùn ún.

Ní tiwa, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NCAM wà ní Ìdófìàn nítòsí Ìlọrin, dídán ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wò sì wà lára iṣẹ́ wọn. A ó bèèrè lọ́wọ́ oníṣòwò náà bóyá irú tirẹ̀ ti débẹ̀ rí.

Lẹ́yìn èyí, ẹni mẹ́rin nínú ìgbìmọ̀ yóò lọ bá àwọn méjèèjì láìsọ tẹ́lẹ̀, wọn yóò sì mú ìwé kan dání. Orúkọ páàtì ló wà nínú ìwé náà: fílítà díísù, fílítà ọ́ìlì, bẹ́líìtì fáànù, páńpù omi, àwo kílọ́ọ̀ṣì, nósù tí ń fọ́n díísù sínú ẹ́ńjìnnì, àti rọ́bà inú páńpù tó ń gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè. A kò ní gba "ó ń bọ̀ láti Èkó". Kí wọ́n gbé e sórí tábìlì, kí á fojú rí i, kí á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí kò bá sí, kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí yóò fi dé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ẹ má rò wí pé aṣojú ni à ń gbè lẹ́yìn. Òótọ́ ni wí pé Massey Ferguson ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀ pọ̀, a sì lè yọ páàtì lára èyí tó ti kú sílẹ̀. Àmọ́ ohun tó bá lórúkọ náà ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Aṣojú mìíràn sì wà, pátákó ńlá ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kàlẹ́ńdà ló wà nínú ilé. Bí ti Ìbàdàn yìí bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ lásán ni a ó fi mílíọ̀nù rẹpẹtẹ rà. Tí oníṣòwò òkè òkun bá sì fi hàn wá wí pé ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ń lo páàtì kan náà pẹ̀lú èyí tí mẹkáníìkì wa mọ̀, tí ó sì kó páàtì ọdún méjì tì í, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Àwa fúnra wa á dìbò fún un.

Kí ó kó o tì í ni a wí, kì í ṣe kí ó ṣèlérí. Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 460 náírà lọ́wọ́ báǹkì ìjọba ti ju 1,500 lọ ní 2024. Ẹni tó bá ń dúró de páàtì láti òkè òkun kò mọ iye tí yóò bá a níbùdókọ̀.

Ní ti ohun ìtúlẹ̀ wa, ìyẹn kò le tó bí àwọn kan ṣe rò. Apá mẹ́ta tí katakata fi ń gbé e, tí Harry Ferguson sọ di ohun tí gbogbo ayé ń lò, wà lára àwọn méjèèjì. Bí ìwọ̀n bá ṣe déédéé, yóò wọ̀ ọ́. Ẹ kàn rí i wí pé a bèèrè agbára tó ń dé ẹ̀yìn, nítorí a máa kéré sí iye tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì.

Ẹnìkan tún dábàá tòkunbọ̀ kékeré láti Jàpáànù. Púpọ̀ nínú wọn, oko ìrẹsì ẹlẹ́rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, èdè Jàpáànù ló sì wà lára gbogbo ohun tí awakọ̀ máa tẹ̀. Ilẹ̀ olókùúta wa kọ́ ni wọ́n rò mọ́ ọn. A kò ní fi èyí sínú ìbò.

Ìgbìmọ̀ yóò jábọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìwé ìpín ni a ó fi dìbò, ẹ mú un dání. Ẹni tó bá ní ìbátan nínú àwọn tó ń tà, kí ó wá sọ fún wa ní kọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kìkì wí pé kò ní dìbò. Ẹni tó bá sì mọ mẹkáníìkì tó ti tú irú katakata oníṣòwò yìí wò rí, kí ó mú un wá sípàdé. Ẹgbẹ́ yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀.