Ṣé O Mọ̀? Ọrùn Ọwọ́ Ni Wọ́n Ń Gbà Dé Ọkàn

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 1929, dókítà kan nílùú Eberswalde ní Jámánì ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ọkàn ara rẹ̀? Werner Forssmann lorúkọ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó má dán an wò. Iṣan apá òsì ló gbà, ó ń tì í títí ó fi wọlé tó nǹkan bí 65 sẹ̀ǹtímítà, ó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí yàrá ẹ́síréè. Lọ́dún 1956, òun àti àwọn méjì mìíràn jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ṣé o mọ̀ pé ojú aláìsàn sábà máa ń là nígbà tí wọ́n bá ń ṣí iṣan ọkàn tó dí? Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹni àkọ́kọ́, ní September 16, 1977, nílùú Zurich. Andreas Grüntzig ti rọ́bà dé ibi tó fún, ó fẹ́ orí rẹ̀ bíi fèrè ọmọdé, ẹ̀jẹ̀ sì ráyè kọjá. Orí tábìlì ìdáná ilé rẹ̀ ló ti fọwọ́ ṣe irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé itan wà lára ohun tó ń dá aláìsàn dúró mọ́jú? Ibi tí itan ti pàdé ikùn ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀. Iṣan ibẹ̀ tóbi, ó sì jìn. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú kí ẹnikẹ́ni má tètè mọ̀. Ẹni náà á fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò gbọdọ̀ ká ẹsẹ̀.

Ọrùn ọwọ́ ni ọ̀nà mìíràn. Dókítà Lucien Campeau ní Montreal ló ròyìn rẹ̀ lọ́dún 1989. Ferdinand Kiemeneij ní Amsterdam gba ibẹ̀ ṣí iṣan ọkàn ní 1992. Iṣan ọrùn ọwọ́ súnmọ́ awọ, egungun wà lábẹ́ rẹ̀, ó rọrùn láti tẹ̀. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á de ike kan mọ́ ọrùn ọwọ́, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Nọ́ọ̀sì á máa tú afẹ́fẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, á dá díẹ̀ padà. Aláìsàn ti jókòó, ó ń mu tíì.

Ìdí nìyẹn tí ọsibítù tó bá ń fẹ iṣẹ́ ọkàn lójú lónìí fi lè nílò àga ìrọ̀gbọ̀kú ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Ní Amẹ́ríkà, Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó àyẹ̀wò iṣan ọkàn ní àwọn ilé iṣẹ́ abẹ aláìsùnmọ́jú ní 2019. Ó fi ṣíṣí iṣan kún un ní 2020.

Inú mi dùn sí i gan-an, ṣùgbọ́n àga nìkan ò tó. Ẹni tí àìsàn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù ò gbọdọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà. Iṣan lè ya, nítorí náà ọ̀nà tí wọ́n máa gbà gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ọkàn gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tí wọ́n gbà wọlé gbé ẹrù tàbí wakọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ojú ibẹ̀ bá ṣẹ̀jẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ará ilé sì pe ọsibítù kíá. Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, kó wábi sùn nítòsí.