Ọjà Àlòkù Tí Kò Bá Ẹnu Ẹni Tí Ó Tà Á Mu: Ṣé Kí A Dá A Padà Ni?

Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo mú wá bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ilé tí kì í ra nǹkan àlòkù kò wọ́pọ̀ mọ́. Bí kì í bá ṣe fìríìjì, a jẹ́ fóònù. Bí kì í bá ṣe fóònù, a jẹ́ maṣíìnì ìránṣọ. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, òun ni a fi ń pè wọ́n ní tòkunbọ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú rírà wọn. Wàhálà tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwòrán inú fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ń wò kí a tó sanwó, ẹnu ẹni tí ń tà á ni a sì ń gbà gbọ́. Ọjọ́ tí ẹrù bá dé ni ojú tó ń là.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀ràn kan tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ní mọ́ṣáláṣí ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa, iṣẹ́ aránṣọ ni ó ń ṣe. Ó dá àjọ fún oṣù mẹ́jọ, nígbà tí ó sì kó o, ó fi ra maṣíìnì Singer kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Èkó. Oníṣòwò náà sọ pé Scotland ni wọ́n ti ṣe maṣíìnì yìí ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, pé ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe rí, àti pé yóò rán aṣọ òkè bí ó ti wù kí ó nípọn tó. Àwòrán tí ó fi ránṣẹ́ ń dán. Ìyá yìí sanwó, mọ́tò èrò sì gbé ẹrù náà wá.

Ọjọ́ méjì ni ó fi rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé lórí rẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣe. Ní ọjọ́ kẹta ó gbé aṣọ òkè sí i. Òwú ń fò, abẹ́rẹ́ kán lẹ́ẹ̀mejì. Ó ránṣẹ́ pe ẹni tí ń tún maṣíìnì ṣe. Ọkùnrin náà tú ìdérí ẹ̀gbẹ́, ó tan iná fóònù sínú rẹ̀, ni wọ́n bá rí i pé apá maṣíìnì náà ti sán rí, wọ́n fi iná jó irin náà pọ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà tuntun bo ojú rẹ̀ láti òde.

Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ràn ti ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọkọ rẹ̀ ní kí ó fara mọ́ ọn, pé ohun tí Ọlọ́run kọ mọ́ wọn nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ ní kí ó kọ́kọ́ ká gbogbo iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù tí ó wà nílẹ̀ tán, kí ó tó wá gbé e padà ní ìparí oṣù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì ní kí ó má dààmú, pé ọmọ iṣẹ́ kan ń gba fúríìdọ̀ọ̀mù lóṣù yẹn, kí wọ́n nù ún kí ó dán, kí wọ́n tà á fún un. Ìmọ̀ràn mẹ́ta, èwo ni ó tọ́ nínú wọn?

Ohun tí ẹ̀sìn wa sọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọjà Mẹ̀dínà, Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, dé ibi tí ọkùnrin kan ti ń ta oúnjẹ tí ó kó jọ bí òkìtì. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan èyí tí ó tutù nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tí ó tutù náà sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì jẹ́ kí ó yé e pé ẹni tí ń tan ènìyàn jẹ kò sí lára àwọn tirẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò bínú nítorí pé oúnjẹ náà tutù. Bíbò tí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Òmíràn tún wà. Àwọn kan máa ń so ọmú àgùntàn tàbí ti ràkúnmí fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó mú un lọ sọ́jà, kí ọmú náà lè kún, kí ẹni tí yóò rà á rò pé ẹran oníwàrà púpọ̀ ni. Ànábì kọ̀ fún wọn. Ó ní ẹni tí ó bá ra irú ẹran bẹ́ẹ̀, tí ó sì ti fún wàrà rẹ̀, ó ní ọjọ́ mẹ́ta láti yan ọ̀kan: bí ó bá fẹ́, kí ó mú un, bí kò bá fẹ́, kí ó dá a padà pẹ̀lú òṣùwọ̀n sáà kan èso dàbínù. Ẹ wo bí ìdájọ́ yìí ti gún tó. Ẹni tí a tàn jẹ ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà, síbẹ̀ òun náà kò gbọdọ̀ jẹ wàrà olówó gbé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà Ìmáàmù Màlíkì ni púpọ̀ nínú wa ń tọ̀, ìwé Risala tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kọ, ẹni tí ó kú ní ọdún 996, sì wà lára ìwé tí a ń kà ní ilé kéwú. Ìlànà ibẹ̀ kò le. Ẹni tí ó bá rí àléébù lára ohun tí ó rà, tí àléébù náà ti wà níbẹ̀ kí ó tó rà á, ọ̀nà méjì ni ó ní: kí ó mú un bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, tàbí kí ó dá a padà kí ó gba owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àléébù mìíràn bá ti ṣẹlẹ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè mú ọjà náà kí ó gba owó àléébù ti àkọ́kọ́, tàbí kí ó dá a padà kí ó san owó ohun tí òun bà jẹ́.

Bí a ṣe ń ṣírò owó àléébù nìyí. Ká ní maṣíìnì tí ara rẹ̀ pé tó 100,000 náírà lọ́jà, èyí tí ó ní àléébù náà sì tó 80,000. Àléébù ti jẹ ìdá kan nínú márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ 90,000 ni a san, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ni a ó gbà padà, èyí ni 18,000 náírà.

Owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ńkọ́? Ti ìyá aránṣọ ni. Nígbà tí kò tíì mọ̀, bí maṣíìnì náà bá jóná, òun ni ìbá gbé òfò rẹ̀. Nítorí náà èrè rẹ̀ tọ́ sí òun náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ó ti mọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tí ó mọ àléébù tí ó tún ń lo ọjà náà lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, ó ti fi ọwọ́ rẹ̀ sọ pé òun gbà. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn àbúrò rẹ̀ kò fi dára. Àwọn àgbà ní àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Bí ó bá fi oṣù kan rán aṣọ lórí rẹ̀, oníṣòwò ni yóò wá máa sọ pé, “Ìwọ ni o bà á jẹ́.”

Àbámọ̀ kì í ṣe àléébù

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo sí ẹni tí ń tajà náà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni ó ń fún wa ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá wù wá mọ́, bí a bá rí èyí tí ó dínwó ní ìsọ̀ kejì, tàbí bí ọkọ bá ní owó náà ti pọ̀ jù, àbámọ̀ ni ìyẹn. Bí oníṣòwò bá gbà á padà nígbà náà, oore ni ó ṣe, ẹ̀san rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n a kò lè fi agbára gbà á. Ogbó pàápàá kì í ṣe àléébù. Maṣíìnì irin àtijọ́ wà tí ó ti lo ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún tí ó ṣì ń rán aṣọ dáadáa. Àléébù ni ohun tí ó dín iye ọjà kù tàbí tí kò jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á, tí wọn kò sì sọ fún wa.

Ìyá aránṣọ yìí bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo rí? Ṣé ó lè ṣe iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ rà á? Bí mo bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé ǹ bá rà á ní iye yìí? Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ya àwòrán ojú ibi tí ó sán, ó sì pe oníṣòwò náà láìbú u. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ jiyàn, lẹ́yìn náà ó ní òun yóò dá ìdá kan nínú márùn-ún owó náà padà bí ó bá lè mú un bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ni ìyá yìí ń rán, ìyẹn ìbá dára. Ṣùgbọ́n aṣọ òkè ni oúnjẹ rẹ̀. Ó dá a padà. Owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ bọ́ sí i lọ́rùn, iṣẹ́ díẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n owó àjọ rẹ̀ padà sí ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà gbà nígbà tí a ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe pé ènìyàn kọ kádàrá ni bí ó bá béèrè ohun tí Ọlọ́run fún un ní ẹ̀tọ́ sí.

Òfin ìjọba náà ò dákẹ́

Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2018 tí ó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà sọ pé ẹni tí ń ta ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ fi àmì tí ó hàn gbangba sí i. Ó tún sọ pé bí oníbàárà kò bá ní ààyè láti yẹ ọjà wò kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀, tí ọjà náà kò sì bá bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀ mu, ó lè kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tí ó bójú mu, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Àjọ tí ń mójú tó èyí ni wọ́n ń pè ní FCCPC. Ẹ kíyè sí i pé òfin yìí náà kò fẹ́ ìfònídónìí-fọ̀ladọ́la.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ṣùgbọ́n ìdènà sàn ju ẹjọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí oníṣòwò kọ gbogbo ohun tí ó sọ sílẹ̀, ẹ má sì pa á rẹ́ nínú fóònù yín. Ẹ bi í gbangba pé, “Ṣé ó ti fọ́ rí? Ṣé wọ́n ti tún un ṣe rí?” Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe fún un. Ẹ jọ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò san owó mọ́tò bí ẹ bá dá a padà. Bí maṣíìnì Singer ni, ẹ béèrè àwòrán nọ́ńbà tí wọ́n lù mọ́ ara irin rẹ̀. Láti ọdún 1900 ni lẹ́tà ti máa ń ṣáájú nọ́ńbà náà, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sì lè fi mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ilé iṣẹ́ Singer tí ó wà ní Clydebank ní Scotland ti tilẹ̀kùn láti ọdún 1980, nítorí náà ẹni tí ó bá ní wọ́n ṣe tòun níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnu ara rẹ̀ ti tú u fó. Nígbà tí ẹrù bá dé, ẹ má ṣe gbé e sójú iṣẹ́ kíá. Ẹ fi ọwọ́ yí i, ẹ wo inú rẹ̀, ẹ sì fi aṣọ tí ó nípọn jù nínú iṣẹ́ yín dán an wò lọ́jọ́ kìíní.

Ó wá ku ìmọ̀ràn kẹta, èyí tí ó burú jù lọ. Ọmọ iṣẹ́ tí ń gba fúríìdọ̀ọ̀mù, owó tí ìyá rẹ̀ fi ṣúnṣùn jọ ni yóò fi ra maṣíìnì àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Bí a bá nu àléébù kí ó dán, tí a tà á fún un, irọ́ tí wọ́n pa fún wa ti di tiwa. Ẹni tí a tàn jẹ tí ó mú sùúrù, ẹni tí a rẹ́ jẹ ni lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ẹni tí a tàn jẹ tí ó tún lọ tan ẹlòmíràn jẹ, òun àti ẹni tí ó tàn án ti di ọ̀kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ ta ohun tí ó ní àléébù, ẹ tà á, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìka yín tọ́ka sí ibi tí ó sán, kí ẹ sì gba iye tí ó tọ́ sí i.

Kí Ọlọ́run Ọba fi ìbùkún sí ọjà wa, kí Ó má ṣe fi wá ṣe ẹni tí ń tan ni tàbí ẹni tí a ń tàn jẹ. Àmín.