A gun òkè Agou, oko kọfí kan kọ́ wa lọ́gbọ́n

Òkè Agou ló ga jù lọ ní ilẹ̀ Tógò. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 986, ìtòsí ìlú Kpalimé ló sì wà, ní ilẹ̀ àwọn Ewe. Lásìkò ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọ̀dọ́ àti àlejò máa ń lọ gùn ún. Àwa mẹ́rin náà lọ nínú oṣù kẹjọ.

Ọ̀nà ọ̀dà kan wà tí ọkọ̀ àti zẹ́míjàn ń gbà dé òkè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ la fẹ́ fi rìn. Aago méje àárọ̀ la kúrò ní Agou-Nyogbo, lẹ́sẹ̀ òkè, pẹ̀lú ọmọkùnrin abúlé kan tí a bẹ̀ kó fọ̀nà hàn wá. A ti fohùn ṣọ̀kan lórí owó rẹ̀ kí a tó gbéra.

Igbó la wọ̀. Igi ńláńlá wà lókè, kọfí àti kòkó wà lábẹ́ òjìji wọn. Òjò ti rọ̀ lóru, ilẹ̀ sì ń yọ̀. A ń pàdé àwọn ìyá tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti píà lọ sọ́jà, wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ di ẹrù mú. Àwa tí a kò ru nǹkan kan là ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Nígbà tó rẹ̀ wá, a rí ibì kan tó jọ ọ̀nà àbùjá, a sì yà síbẹ̀ kí afọ̀nàhàn wa tó bojú wẹ̀yìn. Ìyá àgbà kan figbe ta. Àṣé oko rẹ̀ ni! Kọfí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn là ń tẹ̀, mẹ́ta ti ṣẹ́. Ọmọkùnrin náà túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa: ó tó ọdún mẹ́ta kí kọfí tó so, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ-ọmọ òun sì ni.

Àwọn ọkùnrin wa dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Ìyẹn ya ìyá náà lẹ́nu. A fẹ́ fún un lówó, kò gbà. Ọkọ́ ló nà sí wa, ó sì mú irúgbìn mẹ́ta wá. Àwa fúnra wa la gbìn wọ́n.

Nígbà tí a fi dé òkè, lẹ́bàá àwọn òpó ìbánisọ̀rọ̀, kùrukùru ti bo gbogbo rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, èèyàn lè rí adágún odò Volta ní ilẹ̀ Gánà láti ibẹ̀. Àwa kò rí i.

Ẹ̀yin tó ń múra àtilọ, ẹ tètè jí, ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, ẹ gbé omi dání. Ẹ wá ọmọ abúlé kan tó mọ̀nà, ẹ má sì ṣe kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Inú oko olóko ni ọ̀nà òkè yẹn gbà kọjá.