Eré Ìje Ẹṣin, Ajá àti Ọkọ̀ ní Houston: Èwo Ló Pẹ́, Èwo Ló Kógbá Sílé?

Ìfáàrà

Tí ẹ bá tú ọ̀rọ̀ náà "sáré" palẹ̀, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ méjì nínú rẹ̀: "sá" àti "eré". "Eré" yìí kan náà ló wà nínú "ṣeré". Ìyẹn ni pé ní èdè Yorùbá, ẹni tó ń sáré àti ẹni tó ń ṣeré jọ ń lo ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni méjì bá fẹ́ mọ èwo nínú wọn ló máa ṣíwájú, eré ti di eré ìje nìyẹn. Ibẹ̀ ni owó, ilẹ̀ àti òfin ti máa ń wọ ọ̀rọ̀.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé oríṣiríṣi eré ìje tó ti wáyé ní Houston àti agbègbè rẹ̀: ti ẹṣin, ti ajá àti ti ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, màá fi wọ́n wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí eré ẹṣin nílẹ̀ Yorùbá. Ìbéèrè mi ni pé: kí ló dé tí àwọn kan nínú wọn fi pẹ́, tí àwọn mìíràn sì ti kógbá sílé?

Eré ẹṣin

Pápá eré ẹṣin tí gbogbo èèyàn mọ̀ ní Houston ni Sam Houston Race Park. Oṣù kẹrin ọdún 1994 ni wọ́n ṣí i. Ẹ lè bèèrè pé, ṣé ìpínlẹ̀ Texas tó kún fún ẹṣin báyìí ò ní pápá ńlá bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ló fà á. Ìjọba gba àwọn èèyàn láyè láti ta tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin ní 1933, ṣùgbọ́n wọ́n fòfin dè é ní 1937. Láìsí owó tẹ́tẹ́, ó ṣòro fún pápá ńlá láti dúró. Ọdún 1987 ni àwọn ará Texas dìbò pé kí tẹ́tẹ́ náà padà wá.

Oríṣi ẹṣin méjì ló ń sáré níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Thoroughbred, tó lè sá máìlì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkejì ni Quarter Horse. Ìdámẹ́rin máìlì kan ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, torí pé kò sí ẹṣin tó lè bá a tán láàárín ọ̀nà kúkúrú bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, fìà, ó ti lọ! Fort Worth, níbí ní Texas, ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ìran ẹṣin yìí sílẹ̀ ní 1940. Wọ́n tiẹ̀ ti kó ràkúnmí àti ògòǹgò wá sáré ní Sam Houston Race Park rí, kí àwọn òǹwòran lè rẹ́rìn-ín.

Eré ẹṣin mìíràn tún wà nínú rodeo ìlú Houston. Wọ́n á to àgbá mẹ́ta sí igun mẹ́ta. Ẹni tó gun ẹṣin, tó sábà máa ń jẹ́ obìnrin, á sáré yí àgbá kọ̀ọ̀kan po, á sì sáré padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá gbá àgbá kan ṣubú, wọ́n á fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kún àkókò rẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í bá ẹnikẹ́ni sáré? Aago ló ń bá sáré.

Eré ajá

Ní La Marque, ìlú kékeré kan láàárín Houston àti Galveston, wọ́n ṣí Gulf Greyhound Park ní 1992. Ajá greyhound tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, àyà rẹ̀ sì jìn. Wọ́n máa ń so ohun kan tó jọ ehoro mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á máa fà á lọ níwájú, àwọn ajá á sì máa lé e. Wọn ò ní bá a láéláé.

Owó tẹ́tẹ́ ló gbé pápá yìí ró pátápátá. Nígbà tó yá, àwọn ará Houston tó fẹ́ ta tẹ́tẹ́ ń wakọ̀ lọ sí ilé tẹ́tẹ́ ní Lake Charles, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìyà ń jẹ àwọn ajá, pé ẹsẹ̀ wọn máa ń kán lórí pápá. Ní ìpínlẹ̀ Florida, àwọn èèyàn dìbò ní 2018 pé kí eré ajá dópin. Ní 2020, pápá La Marque náà ṣe ìje rẹ̀ tó kẹ́yìn.

Eré ọkọ̀

Ẹṣin ò kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí o, kódà nígbà tí ọkọ̀ dé. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, James Watt fi iṣẹ́ tí ẹṣin kan lè ṣe wọn agbára ẹ̀rọ rẹ̀. Títí dòní, agbára ẹṣin la fi ń wọn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Houston ni wọ́n ti bí A. J. Foyt ní 1935. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní nínú Indianapolis 500 lẹ́ẹ̀mẹrin: ní 1961, 1964, 1967 àti 1977. Ó tún gba ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé ní 1967, àti Daytona 500 ní 1972. Kò tíì sí awakọ̀ mìíràn tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní Baytown, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ epo pọ̀ sí, wọ́n ṣí Houston Raceway Park ní 1988. Eré tí wọ́n ń sá níbẹ̀ rọrùn láti lóye: ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, wọ́n á sì sáré lórí ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan. Báwo ni ọ̀nà náà ṣe gùn tó? Ìdámẹ́rin máìlì kan, bíi ti Quarter Horse gẹ́lẹ́! Ọkọ̀ tó lágbára jù nínú wọn lè sá ju 300 máìlì lọ ní wákàtí kan. Lẹ́yìn tí awakọ̀ kan, Scott Kalitta, kú nínú eré yìí ní New Jersey ní 2008, wọ́n dín ọ̀nà àwọn ọkọ̀ tó yára jù kù sí ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Ní 2022, pápá Baytown ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Eré ìje kẹta ni Grand Prix ti Houston. Èyí ò ní pápá tirẹ̀. Láti 1998 sí 2001, àárín ìlú gan-an ni wọ́n ti ń sá a, lórí títì tí àwọn èèyàn ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ní 2006 àti 2007, wọ́n gbé e lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Astrodome. Ó tún padà síbẹ̀ ní 2013 àti 2014. Ní oṣù kẹwàá 2013, ọkọ̀ Dario Franchitti fò gba ara odi ààbò, àfọ́kù irin sì ṣe àwọn òǹwòran léṣe. Awakọ̀ náà yè é, ṣùgbọ́n ó fẹ̀yìn tì nínú eré náà lẹ́yìn ìyẹn. Láti 2014, eré náà ò tíì padà sí Houston.

Ta ni wọ́n gbà láyè láti gùn ún?

Títí di ibí yìí, ilẹ̀ àti owó la ti ń sọ. Ohun kẹta ni èèyàn. Ìje ẹṣin tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà ni Kentucky Derby. Nígbà tí wọ́n sá a fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1875, ẹṣin 15 ló jáde, èèyàn dúdú ló sì gun 13 nínú wọn. Oliver Lewis, ọ̀kan lára wọn, ló gba ipò kìíní. Nínú Derby 28 àkọ́kọ́, èèyàn dúdú gba 15. Kò yani lẹ́nu: ẹrú àti ọmọ ẹrú ló ń tọ́jú ẹṣin àwọn olówó nígbà náà, wọ́n sì mọ ìwà ẹṣin dáadáa. Jimmy Winkfield gba Derby ní 1901 àti 1902. Láti ìgbà náà, èèyàn dúdú kankan ò gbà á mọ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Bí owó ṣe ń pọ̀ nínú eré náà ni ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń le sí i. Àwọn agẹṣin aláwọ̀ funfun ń dí wọn lọ́nà lórí pápá, àwọn olówó ẹṣin ò sì fún wọn ní ẹṣin gùn mọ́. Ó ṣẹlẹ̀ nínú eré ọkọ̀ náà. Ní oṣù kejìlá 1963, Wendell Scott gba ipò kìíní nínú ìje NASCAR kan ní Jacksonville, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ pè ní olúborí. Nígbà tí wọ́n máa gbà pé òun ló gbà á, àwọn òǹwòran ti lọ sílé.

Ní Texas ńkọ́? Ní 1957, àwọn èèyàn dúdú tó wà nítòsí Houston dá ẹgbẹ́ agẹṣin Prairie View sílẹ̀. Lọ́dọọdún, kí rodeo tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń gun ẹṣin, wọ́n á sì tún fi ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, láti ìgbèríko wọ Houston. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń rin ìrìn náà. Wọ́n á sùn lójú ọ̀nà, wọ́n á dáná, ọmọdé á máa kọ́ ẹṣin gígùn lọ́dọ̀ àgbà. Ọ̀kan nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Myrtis Dightman. Òun kan náà ni èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó dé ìdíje àṣekágbá rodeo gbogbo Amẹ́ríkà, ní 1964. Ìrìn wọn yìí kì í ṣe ìje, ṣùgbọ́n ó pa ẹṣin gígùn mọ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n tì jáde nínú ìje.

Nílẹ̀ Yorùbá ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wo ilé báyìí. Ẹṣin ò rọrùn láti tọ́jú nílẹ̀ Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, tó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, àwọn ológun ní ẹṣin púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú igbó ní ìsàlẹ̀, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní tsetse máa ń kó àìsàn bá ẹṣin, á sì pa á. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin fi di ohun ọba àti olóyè, tí ó sì wọ inú òwe wa tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà ìjọba amúnisìn, àwọn òyìnbó ní pápá eré ẹṣin sí Èkó. Orí pápá yẹn ni wọ́n ti gbé àsíá òmìnira Nàìjíríà sókè ní 1960. Ní 1972, wọ́n sọ ibẹ̀ di Gbàgede Tafawa Balewa. Ìje ẹṣin dópin níbẹ̀. Ère ẹṣin funfun mẹ́rin tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ló ń rán wa létí.

Ẹ wá fi èyí wé Ìjẹ̀bú Òde, tí kò ní pápá ìje kankan. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, wọ́n máa ń ṣe Ojúde Ọba. Àwọn Ìjẹ̀bú máa ń so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ Balógun Kúkù, tó gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí. Àwọn ọmọ ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ wá kí Awùjalẹ̀, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á sì máa jó bọ̀ nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn. Kì í ṣe ìje, síbẹ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí ẹṣin tirẹ̀ yọ ju ti ẹlòmíràn lọ. Nígbà ayé Ọba Sikiru Adétọ̀nà, tó jọba láti 1960 títí tó fi wàjà ní 2025, ayẹyẹ náà di ńlá. Ní 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin tàn ká gbogbo ayé, ó sì dé orí fóònù àwa tí a wà ní Houston.

Kí ni ìyàtọ̀?

Tí a bá to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun mẹ́ta ló hàn sí mi.

Èkíní, ilẹ̀. Eré tó bá rọ̀ mọ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo lè parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe nǹkan mìíràn. Èkó rí i ní 1972. Grand Prix, tó jẹ́ pé ilẹ̀ àyálò ló ń lò, lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Èkejì, owó. Tẹ́tẹ́ máa ń kọ́ pápá ńlá kíákíá, ṣùgbọ́n òǹtatẹ́tẹ́ ò bá ajá tàbí ẹṣin dá májẹ̀mú. Tó bá rí ibòmíràn tó dùn ún, á lọ.

Ẹ̀kẹta, èèyàn, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Kò sí tẹ́tẹ́ nínú ìrìn Prairie View tàbí nínú Ojúde Ọba. Ìdílé àti ẹgbẹ́ ló ni wọ́n. Bàbá gùn ún, ọmọ ń wò ó, ọmọ náà á sì gùn ún lọ́la. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Níbi tí wọ́n ti yọ ẹṣin iwájú kúrò, bí wọ́n ṣe ṣe fún àwọn agẹṣin dúdú ní Kentucky, ta ni tẹ̀yìn máa wò?

Ìparí

Mi ò sọ pé kí a má lọ wo ìje o. Ó dùn wò! Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a máa bèèrè ẹni tó ni eré náà, àti ẹni tó ń kọ́ ọmọdé níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Houston, nígbà tí àwọn agẹṣin bá tún ń wọ ìlú kí rodeo tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí Memorial Park, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń péjọ. Ẹ bi àwọn àgbà wọn ní ìbéèrè, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá sì délé, ẹ bi àwọn òbí yín bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín gun ẹṣin rí.

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀: tí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá lókè òkun náà ń wá ohun tó fẹ́ sọnù. Ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín o.