Iṣẹ́ tí "bí… bá" lè ṣe fún ọmọ JSS

"Múra sí ìwé rẹ" kò sọ ìgbà, kò sọ ibi. Ọmọ JSS 2 á ní òun ti gbọ́, á sì gba ìdí bọ́ọ̀lù lọ.

Ní 1999, Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Jámánì, ṣàlàyé pé ìpinnu tó so ìgbà mọ́ iṣẹ́ rọrùn láti mú ṣẹ ju ìpinnu lásán lọ. Gírámà wa ní irú gbólóhùn yẹn: "Bí mo bá jẹun ọ̀sán tán, màá ṣe àṣetiléwá ìṣirò." Oúnjẹ ni yóò rán an létí, kì í ṣe ìyá rẹ̀.

Ọmọ fúnra rẹ̀ ni mo máa ń ní kó yan ohun tó máa tẹ̀ lé "bí." "Bí iná bá dé" nìkan ni n kì í gbà. Ta ló mọ ìgbà tó máa dé?